Àpótí Ọlọ́wọ́ Idẹ

Ọjọ́ tí Oníwáyà kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin tó máa fẹ́, ṣe ló pàṣẹ fún un pé kó wọn òun láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọ̀sán ni. Oníwáyà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Irin gbígbóná tó fi ń jó òjé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìfun rédíò kan wà lọ́wọ́ òsì. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ọkùnrin gíga kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn, pẹ́ńsù létí, àpò lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé tí ẹ tètè dé," ni Oníwáyà wí. Ó ti ránṣẹ́ pe télọ̀ tuntun àdúgbò láti àárọ̀. "Ẹ wọ̀n mí kíá, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Kí n wọ̀n yín?"

"Rárá, irin yìí ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ wọ̀n mí jàre!"

Gbogbo ẹni tó mọ Oníwáyà ló mọ̀ pé tó bá ti sọ̀rọ̀, èèyàn á kọ́kọ́ ṣe é ná, kó tó béèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà yọ téèpù lọ́rùn. Ó wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọn èjìká sí èjìká. Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ nọ́ńbà méjì sára igi pẹlẹbẹ kan tó mú jáde lápò, ó bá dúró.

"Ìdí ńkọ́?" ni Oníwáyà bi í.

"Ẹ má bínú, mà. A kì í wọn ìdí."

"Télọ̀ wo ni kì í wọn ìdí? Ẹ wo ìdí yìí dáadáa. Ṣé ohun tí èèyàn ń fojú fò dá nìyí?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó yára gbójú sókè sí àjà. "Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò dá rárá, mà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe télọ̀. Pósí ni mò ń kàn."

Áà! Igbe tí Oníwáyà fi bọnu, ẹni tó ń kọjá lójú títì dúró. Ó fò sẹ́yìn, ìdí tí wọn ò wọ̀n gbá tábìlì, rédíò mẹ́ta ṣubú lulẹ̀, ọ̀kan tó ti dákẹ́ láti oṣù tó kọjá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Àwọn méjèèjì wo rédíò náà. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín pa Oníwáyà, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wọ̀n mí fún pósí!"

"Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ."

"Ó yá, ẹ kó nọ́ńbà yẹn fún mi!"

Ọkùnrin náà ṣẹ́ igi pẹlẹbẹ yẹn sí méjì, ó tún un ṣẹ́ sí mẹ́rin, ó kó o lé e lọ́wọ́. "Ó ti parẹ́. Ẹ máa pẹ́ láyé títí màá fi gbàgbé iṣẹ́ pósí."

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Bí àdúrà ló ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan kan ti yí padà láyà Oníwáyà, ó sì mọ̀, nítorí kì í ṣe obìnrin tí nǹkan ń ṣe tí kò ní mọ̀.

Ohun tó gbé ọkùnrin náà wá wà nínú àpò: rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan. Oníwáyà tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. "Inú rẹ̀ ti jóná ráúráú. Ó ti kú. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú."

Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. "Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà mi kì í jókòó. Tí wọ́n bá ti mú pósí tán, wọ́n á sáré jáde bí ẹni pé ó kan àwọn náà."

Oníwáyà wo àwọn àwókù tó kún àjà rẹ̀. Sípíkà wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́. Mo lè to òmíràn fún yín látinú àwókù, ńlá, èyí tí ẹ lè máa gbé kiri lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní ni àpótí tí mo máa kó gbogbo rẹ̀ sí."

"Àpótí?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin náà máa rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ ti débi tí ẹ ń lọ."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, Akanpósí á sọdá títì wá sí ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà. Ọkọ̀ kan tó forí sọ ògiri ni wọ́n ti yọ sípíkà kìíní. Ẹ̀rọ kan tí ilé ìwé kan dà nù ni wọ́n ti yọ èkejì. Ẹnu tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, ti rédíò Akanpósí tó kú ni. Pátákó tó ń gbé ohùn sókè, inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ti wá. Bátìrì alùpùpù ló máa bọ́ gbogbo wọn.

"Ẹbí yìí mà rí wúruwùru o," ni Akanpósí wí. "Ṣé wọ́n á gbọ́ ara wọn yé?"

"Wọ́n á gbọ́. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀."

Igi àpótí náà, èyí tó ṣẹ́kù lára pósí ọlọ́lá kan ni. Ọlọ́lá náà kúrú ju bí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe rò lọ. Igi náà nípọn, ó wúwo, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Akanpósí gé e, ó gbẹ́ ojú ihò róbótó méjì sí i fún sípíkà, ó so ó pọ̀ láìlo ìṣó kan. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n á ti máa gbé e, ó mú ọwọ́ idẹ méjì jáde, ó ń dán bí oòrùn.

"Ọwọ́ pósí?" ni Oníwáyà bi í.

"Ọwọ́ yìí lágbára. Ẹnikẹ́ni ò tíì padà wá bá mi pé ó já."

Oníwáyà fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Bí ó ṣe gbórí sókè, ó rí i pé ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi pépà oníyanrìn pa ẹ̀gbẹ́ àpótí, ibi kan náà tó ti ń pa láti àná.

"Ibẹ̀ yẹn ti dán," ni Oníwáyà wí.

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá ń pa níbẹ̀?"

Akanpósí ò wojú rẹ̀. "Tí iṣẹ́ yìí bá parí, kí ni mo máa sọ pé mo wá ṣe níbí lójoojúmọ́?"

"Wá fẹ́ mi. Ìyẹn ò ní parí."

Pépà bọ́ lọ́wọ́ Akanpósí. "Ṣé ẹ̀yin... ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ ni?"

"Ta ni kó sọ ọ́? Ìwọ tó o lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó o tó lè béèrè omi mímu lọ́wọ́ mi?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Akanpósí sáré wí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ipò rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. "Láti ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìfẹ́ mi. Láti ọjọ́ tó o ṣẹ́ igi."

Ìfẹ́ ti yanjú. Ó wá ku ilé.

Ilé, bàbá ni àti ẹ̀gbọ́n bàbá, obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Àgbà. Ìyá Oníwáyà ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́; àwọn méjèèjì yìí ló tọ́ ọ. Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn abẹ́ ilẹ̀ tó máa ń mi ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ohùn ẹgbẹ́ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún bí ẹyin, àmọ́ kò tíì gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa rí, torí rédíò kékeré kì í lè gbé irú ohùn yẹn. Àwọn obìnrin á dún gan-an, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á dún, Bàbá á máa kùn lábẹ́ bí ẹni tó ń wúkọ́ ní yàrá kejì.

"Iṣẹ́ kí lo ní ó ń ṣe?" ni Bàbá bèèrè nígbà tí Oníwáyà sọ̀rọ̀ ọkọ fún un.

"Ó ń kan pósí, Bàbá."

"Nígbà tí èmi ti di ẹni àádọ́rin ọdún?"

"Bàbá, kì í ṣe nítorí yín ló ṣe kọ́ṣẹ́."

"Tó bá wá ń kí mi láràárọ̀, kí ni kí n sọ pé ó ń wá? Ṣé àlàáfíà mi ló ń béèrè, àbí ìròyìn?"

Àǹtí Àgbà gbá àyà. "Mo pàdé rẹ̀ lójú títì níjọ́ sí! Ó kí mi, ó fojú lọ láti orí mi dé ẹsẹ̀ mi. Mo dákẹ́ ni. Ó ti wọ̀n mí tán!"

"Àǹtí, ṣe ló tẹríba fún yín. Ẹni tó bá tẹríba, ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ."

"Ó ti wọ̀n mí!"

Oníwáyà dìde dúró. Ó sọ̀rọ̀ rédíò náà fún wọn, ó ní àwọn méjèèjì ló jọ ń tò ó, ó ní nínú àpótí yẹn ni Bàbá ti máa gbọ́ ara rẹ̀ kedere. Bàbá wò ó, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ara mi nínú àpótí tí ọkùnrin yẹn kàn, kó wá mú ọ lọ. Tí mi ò bá gbọ́ ara mi, kó jìnnà sí ilé yìí títí wọn á fi ránṣẹ́ pè é nítorí mi."

"Ọjọ́ Sátidé," ni Oníwáyà dáhùn. "Ẹ pa ohùn mọ́, Bàbá. Ẹ lè fẹ́ gbè é."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Kò sí wáyà tó tíì jẹ́ ọ̀gá fún un.

Lọ́jọ́ tó fi òjé jó sípíkà mọ́ wáyà, ohun kékeré kan ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́yìn. Àmì pupa ló ń sọ ẹsẹ̀ tí iná máa gbà wọlé. Akanpósí gbé sípíkà ọkọ̀ yẹn sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Pupa eléyìí tuntun ju ti èkejì lọ. Mo mọ ọ̀dà. Ẹnì kan ló kùn ún lẹ́yìn tí sípíkà ti gbó."

"Ìfẹ́ mi, pósí ni tìẹ, wáyà ni tèmi."

"Mo kàn wí i ni."

"Mo ti gbọ́. Na òjé yẹn sí mi."

Ó dán sípíkà kìíní wò lóun nìkan, ó dún. Ó dán èkejì wò lóun nìkan, ó dún. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí ọ̀dà àpótí gbẹ tán tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀, Akanpósí ní, "Ṣé ká gbọ́ méjèèjì pọ̀ ná?"

"Gbé e, ká máa lọ. Èmi kì í dán iṣẹ́ mi wò lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n gbé e, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọwọ́ idẹ ń kọ mànàmànà. Àwọn èèyàn ojú ọ̀nà yà fún wọn. Arúgbó ọkùnrin kan tilẹ̀ ṣí fìlà.

Pálọ̀ Bàbá ti wà ní sẹpẹ́. Bàbá wọ kóòtù. Àǹtí Àgbà gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé itan, torí kì í jáde ní yàrá láìmú un, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Oníwáyà gbé àpótí náà ka orí tábìlì, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn àwọn obìnrin jáde, ó ń dún bí agogo. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbà á. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga, torí ó mọ ibi tí òun ti máa wọlé. Ó gbé ìka sókè. Ó mí sínú. Ibi tó kàn án dé.

Kò sí nǹkan kan. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

Ìka Bàbá ṣì wà lókè. "Èmi dà?"

Ó bojú wo ẹ̀yìn àpótí.

"Èmi dà? Nínú rédíò kékeré, mo ṣì máa ń wúkọ́! Èyí, wọ́n ti yọ mí kúrò pátápátá!"

Ìgbà yẹn ni ojú Àǹtí Àgbà bọ́ sára ọwọ́ idẹ. Ó fò dìde. "Yéè! Ọwọ́ pósí rèé! Wọ́n gbé àbúrò mi sínú pósí, ohùn rẹ̀ ti lọ! Ẹ gbà mí o!"

Oníwáyà tẹ etí mọ́ sípíkà. Ó wo àpótí náà, kò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì wo nǹkan rí tí kò ní mọ̀ ọ́n.

Akanpósí jáde síwájú, ó tẹríba. "Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Igi yẹn ló nípọn jù. Èmi ni mo yàn án, òun ló dí ohùn yín."

"Mo mọ̀!" ni Bàbá pariwo. "Igi pósí! Igi tí wọ́n dìídì ṣe kí nǹkan kan má baà tibẹ̀ jáde!"

"Ẹ má bínú sí ọmọ yín, Bàbá. Iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Oníwáyà wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà tó tẹ̀ síwájú Bàbá. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Igi nínípọn ló máa ń ran ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Ó sì ń fi ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ṣòfò, kí orúkọ Oníwáyà má baà bàjẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Tóun bá dákẹ́ báyìí, ọ̀gá lòun ṣì jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Igi rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ó kìlọ̀ fún mi nípa àmì pupa kan, mo ní kó lọ máa kan pósí rẹ̀. Ó ní ká dán an wò láàárọ̀ yìí, mo gbéra ga. Àǹtí, ẹ yá mi ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì yín."

"Tọ́ọ̀ṣì mi?"

"Bátìrì ẹyọ kan, Àǹtí mi, ẹ ṣàánú."

Ó tú ẹ̀yìn àpótí. Ó já wáyà sípíkà ilé ìwé, ó fi bátìrì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ alámì pupa sí orí bátìrì. Pá! Awọ sípíkà náà ta síta. Ó ṣe bákan náà fún ti ọkọ̀. Pá! Awọ tirẹ̀ sún wọlé.

"Ẹ wò ó," ni Oníwáyà wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò. "Ẹni tó kun àmì yìí kùn ún sódì. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síta, èkejì á máa fà á wọlé. Ohùn tín-ín-rín lè yọ́ gba àárín wọn kọjá. Ohùn ńlá bíi tiyín, Bàbá, ṣe ni wọ́n jọ ń pa á láàárín ara wọn."

"Bíi tọkọtaya tó ń jà," ni Àǹtí Àgbà wí, ó ti jókòó padà láìmọ̀.

Akanpósí ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di àpótí mú. Ó rọra sọ fún un pé, "Mi ò bá ti ru ẹ̀bi náà fún ọ, ìfẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Má tún pa irú irọ́ yẹn mọ́ nítorí mi. Di wáyà yìí mú."

Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà sípíkà ọkọ̀, ó fọwọ́ lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dé ẹ̀yìn àpótí. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn obìnrin kọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbà á. Bàbá ò gbé ìka sókè mọ́. Ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Ilẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohùn kan dìde lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé ilé fẹ́ sọ̀rọ̀. Ife tó wà lórí àwo ń gbọ̀n jìnjìn. Gíláàsì fèrèsé dáhùn. Ohùn náà gbòòrò, ó gbóná, ó rọra gbé gbogbo àwọn tó kù lé èjìká.

"Èmi nìyẹn," ni Bàbá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dìde. "Èmi nìyẹn! Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mú un! Ẹ gbọ́ ibi tí mo gbé e sọ̀ sí!"

Àǹtí Àgbà ń fi ìborùn nu ojú. "Ohùn bàbá wa ni. Bàbá wa ló ń sọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Láti ọdún wo ni mo ti gbọ́ ọ mọ!"

Wọ́n gbọ́ ọ tán, Bàbá ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Wọ́n gbé e sí i nígbà mẹ́rin. Ní ti ìkẹrin, Bàbá gbè é, Bàbá méjì ló ń kọrin ní pálọ̀, àga Àǹtí Àgbà sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó dákẹ́, Bàbá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ idẹ. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde. Mo ṣe ìlérí kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Oníwáyà dáhùn.

"Mo ní tí mo bá gbọ́ ara mi, kó wá mú un lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akanpósí wí.

"Rárá."

Ayé dúró. Akanpósí gbé itọ́ mì, gbogbo ilé gbọ́ ọ.

"Kò ní mú un lọ," ni Bàbá tún wí, ó fa àpótí náà mọ́ra. "Ibí ló máa wà. Ọmọ mi ni kí o mú lọ. Àpótí yìí ni mò ń bá yín sọ!"

Oníwáyà fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Akanpósí ò mọ ẹni tí kó dì mọ́, ó bá dì mọ́ àpótí.

"Àti pé o máa wá kí mi láràárọ̀," ni Bàbá sọ fún un. "Ọkùnrin tó fẹ́ ru ẹ̀bi ìyàwó rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ, ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí mọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ni kí o máa wò tó o bá ń kí mi. Má wo gìgísẹ̀ mi."

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Àǹtí Àgbà fa Akanpósí sí kọ̀rọ̀. "Ọkọ ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí o wò mí lójú títì yẹn... ṣé ìwọ̀n mi ṣì wà lórí rẹ?"

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín, mi ò wọ̀n yín."

"Wá wọ̀n mí nísinsìnyí, jàre. Àpótí orin ni mò ń wí o! Èyí tó máa bá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi mu. Kí ni ìwọ rò?"

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbéyàwó. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí náà wọ gbọ̀ngàn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ba àwọn àlejò tí wọ́n mọ ọwọ́ idẹ yẹn níbòmíì, títí ohùn fi ti inú rẹ̀ jáde tí gbogbo wọn fi dìde jó.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, télọ̀ tuntun àdúgbò tún já Oníwáyà kulẹ̀, ó ní òun ò ráyè wá, kí wọ́n ṣáà kọ nọ́ńbà ránṣẹ́. Akanpósí sọdá títì lọ́sàn-án, téèpù lọ́rùn, pẹ́ńsù létí. Ó wọn èjìká. Ó wọn apá. Ó dúró, ó ń lọ́ téèpù mọ́ ìka.

Oníwáyà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wo àjà. "Ó yá, olólùfẹ́ mi. Èyí tó o jẹ mí láti ọjọ́ kìíní."

Ó sì wọn ìdí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n, torí ó ní láti ìsinsìnyí lọ, nínú ilé àwọn, gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n á máa dán wò lẹ́ẹ̀mejì.